Ìtàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ lẹ́yìn ọ̀gá

Kò sí ilé iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ kì í ti í sọ ìtàn. Bí ọ̀gá bá ti jáde tán, tí wọ́n jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán, ẹnu á yá: ohun tí oníbàárà kan sọ, bí máníjà ṣe dá a lóhùn, ẹni tí wọ́n kọ ìwé ìbáwí fún nítorí pé ó ṣàánú ènìyàn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tuntun ti ń kọ́ṣẹ́. Ìwé òfin tí a fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ń sùn.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti jẹ́ olórí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn, ẹ̀rọ inú ilé ni a ń tà tí a sì ń tún ṣe: fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn kan nínú wa ń gbé fóònù, àwọn kan ń dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ń lọ láti ilé dé ilé. A kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé oníbàárà ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tí gbogbo wọn mọ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan wà nígbà kan tó dá owó padà fún oníbàárà láìgba àṣẹ, pé nígbà tí oṣù parí, wọ́n yọ owó náà nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹni náà ti lọ kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó dé. Wọn ò mọ̀ ọ́n sójú rárá. Síbẹ̀, bí o bá bi ọmọ tó wọṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, á sọ ọ́ fún ọ bí ẹni pé ìṣojú rẹ̀ ló ṣe.

Ìtàn yẹn ló ń darí iṣẹ́. Ògiri ń sọ pé oníbàárà ló ṣíwájú, ìtàn ń sọ pé kí kálukú ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì tí oníbàárà rà á, ẹni tó gbé fóònù á ní, “Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ọ̀gá mi.” Ọ̀gá náà á ní òun máa bi ọ̀gá tòun. Oníbàárà á máa gbọ́ orin lórí fóònù. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn ni wọ́n mọ̀ dáadáa.

Jan Carlzon, tó di olórí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú SAS ní 1981, ṣe ìṣirò kan tó yẹ kí gbogbo máníjà mọ̀. Ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 10 èrò ló ń wọ ọkọ̀ àwọn lọ́dún, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá bí òṣìṣẹ́ 5 pàdé, tí ìpàdé kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Mílíọ̀nù 50 ìgbà lọ́dún, orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀gá kò sí nítòsí rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, ta ni yóò ráyè ṣí ìwé òfin? Ohun tó bá wà lọ́kàn ni ẹnu ń sọ. Nínú gbogbo ìrírí mi, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn òṣìṣẹ́ ni ìtàn ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, àti ohun tí ọ̀gá ṣe fún ẹni náà lẹ́yìn rẹ̀.

Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ọ̀dọ̀ àwọn òtẹ́ẹ̀lì Ritz-Carlton ni mo ti yá ìpàdé àárọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìtàn tiwa padà. Lójoojúmọ́, kí àwọn tó ń wọṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kóra jọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ ìtàn ohun tí òṣìṣẹ́ kan ṣe fún àlejò. Apá yẹn dùn ún sọ. Èyí tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé òṣìṣẹ́ Ritz-Carlton lẹ́tọ̀ọ́ láti ná tó 2,000 dọ́là lórí ìṣòro àlejò kan láìbi máníjà. Yọ àṣẹ yẹn kúrò, kí o wá wo ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ìtàn. Ẹni tí kò láṣẹ láti ṣe nǹkan kan, kí ló fẹ́ rí sọ? Wọ́n gba ẹ̀bùn Malcolm Baldrige, ti Amẹ́ríkà fún ilé iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, lẹ́ẹ̀mejì, ní 1992 àti 1999, n kò sì rò pé ìtàn lásán ló gbà á fún wọn.

Nítorí náà, kí n tó pe ìpàdé kankan, mo kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń gbé fóònù ní iye kan tí wọ́n lè dá padà láìbi ẹnikẹ́ni. Wọ́n jiyàn. Ẹni tó ń bójú tó owó ní àwọn ọmọ yìí á ná wa dé etí gbèsè. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé kí a dán an wò, iye náà ò sì tó nǹkan. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹnikẹ́ni ò lò ó. Wọ́n rò pé pańpẹ́ ni. Ìgbà tí ọmọkùnrin kan wá lò ó, nítorí obìnrin kan tí ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀ da omi sílẹ̀ tó ba kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́, mo bẹ ọ̀gá owó pé kí ó wá jókòó ní ìpàdé àárọ̀, kí ó gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ náà. Ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ọ̀gá owó bi í pé, “Ṣé iye tí o dá padà fún un yẹn tó?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ilé ìkẹ́rùsí. Ìtàn tuntun ti lé ti àtijọ́ kúrò nílé, èyí tí ìwé ìkéde mẹ́wàá kò ní lè ṣe.

Ìpàdé wa kì í ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kí a tó ṣí fóònù. Ẹnì kan, ìtàn kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ká má purọ́, ó máa ń sú ni. “Oníbàárà kan pè, inú ń bí i, mo fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, ó sì dúpẹ́.” Kí la fẹ́ fi irú èyí ṣe? Kò sóhun tí ẹlòmíràn lè mú lò níbẹ̀. Ìbéèrè ló yí i padà. Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti bá àwọn olórí panápaná lo ọ̀nà yìí ní àwọn ọdún 1980. Bí o bá bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń pinnu, wọ́n á ní àwọn kì í pinnu, àwọn kàn ń ṣiṣẹ́ àwọn ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n sọ ìtàn iná kan ní pàtó, tí o ń dá wọn dúró níbi tó le, tí o ń bi wọ́n pé kí lẹ rí, kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ìmọ̀ tí àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé àwọn ní á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èmi náà wá ń bi àwọn tèmi: ọ̀rọ̀ wo gan-an ni oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀? Kí ló kọ́kọ́ sọ sí ọ lọ́kàn? Níbo ló ti kù díẹ̀ kí o gba ọ̀nà mìíràn?

Bí a ṣe gbọ́ ìtàn fíríìjì nìyẹn. Obìnrin kan wà láàárín wa tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, Màmá ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Lọ́jọ́ tí a rọ̀ ọ́ títí tó gbà, ó ní ọkùnrin kan pe òun, ó ń pariwo pé fíríìjì òun ò tutù mọ́, pé kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọ̀la fún òun. Ohun tí ìwé wa sọ ni pé kí ó fún un ní ọjọ́ tó bá ṣí sílẹ̀. Ọ̀túnla ló ṣí sílẹ̀. Ó ti fẹ́ẹ́ sọ ọ́.

“Kí ló wá dá yín dúró, mà?” Ọmọbìnrin kan ló bi í.

“Ohùn rẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ pé inú kọ́ ló ń bí i, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ fẹ́ bàjẹ́ kì í bẹ̀rù báyẹn.”

“Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló wà nínú rẹ̀?”

Insulin ló wà nínú rẹ̀, oògùn ìtọ̀ ṣúgà ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sílẹ̀. Àbúrò Màmá náà ń lo irú oògùn yìí, nítorí náà ó mọ̀ pé èyí tó bá ti dì bíi yìnyín ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ṣeé lò mọ́ bó tilẹ̀ yọ́ padà. Ó ní kí ọkùnrin náà má sáré jù ú sáàárín yìnyín. Kò sì fi mọ síbẹ̀, kò ṣe dókítà fún un: ó ní kí ó pe ilé ìpoògùn tó ti rà á ní kíá, kí wọ́n sọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ títí a ó fi dé. Lẹ́yìn náà ló lọ bá ẹni tó ń pín iṣẹ́, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì to iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ní àtúntò.

Kò pẹ́ rárá tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kéré jù nínú wa: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú rẹ̀?” Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wá ń rí ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀: wàrà tí ìyá ọmọ jòjòló fún pamọ́, ọjà ẹni tó ń se oúnjẹ tà láti inú ilé rẹ̀. Wọ́n tún ń rí àwọn fíríìjì tó jẹ́ pé omi mímu nìkan ló wà níbẹ̀, tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ á ní, “Ẹ̀yin náà ẹ má ṣe wàhálà, kò sí ìkánjú.” Àwọn wọ̀nyí ló ń ṣí àyè sílẹ̀ fún ẹni tí tirẹ̀ le. A fi ìbéèrè náà sínú ìwé òfin níkẹyìn, nígbà tí kò sẹ́ni tó tún nílò láti kà á níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí bá ohun tí Julian Orr rí mu. Onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ni, ó sì bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ìdàkọ Xerox ṣe rìn kiri ní àwọn ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ gbà pé ìwé ìtọ́ni ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Orr rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣe ohun tí kò sí nínú ìwé, ìtàn ni wọ́n ń sọ fún ara wọn, nídìí oúnjẹ, tàbí bí wọ́n ṣe dúró ti ẹ̀rọ náà gan-an, títí ìdáhùn á fi yọ. Ẹni tó bá ń ṣọ́ aago á ní wọ́n ń fi àkókò ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni Xerox ṣe ètò kan tí wọ́n pè ní Eureka: àwọn atúnẹ̀rọṣe ń kọ ọgbọ́n tí wọ́n dá síbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì ń wà lára rẹ̀.

Orúkọ ni mo ní kí ẹ wò níbẹ̀. Ní tiwa, àwọn òkè ní kí a máa fún ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá dùn jù lóṣù lówó. Kíá ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ẹnì kan wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lóru láti gbé ohun èlò lọ fún oníbàárà. Ẹnì kan ò sùn. Ẹnì kan fi owó àpò rẹ̀ ra nǹkan. Gbogbo ènìyàn di akọni. Bí mo bá wá bi wọ́n pé kí ló dé tí ohun èlò náà kò fi sí nílé ìkẹ́rùsí láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wo ilẹ̀, torí bí ohun èlò bá wà, akọni ò sí. Mo bẹ̀ wọ́n, a fagi lé owó náà, a fi orúkọ ẹni tó sọ ìtàn sí abẹ́ rẹ̀ nínú àkójọ wa, ó tán. Lójú tèmi, ìtàn akọni máa ń ba ìtọ́jú oníbàárà jẹ́ ju ìtàn àṣìṣe lọ, nítorí ó ń jẹ́ kí ibi tó fọ́ dùn ún wò.

Ẹ gbọ́ ìtàn táyà Nordstrom tí àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa sọ. Ọkùnrin kan gbé táyà wá sí ṣọ́ọ̀bù Nordstrom ní Fairbanks, ní Alaska, ó ní kí wọ́n dá owó òun padà. Aṣọ àti bàtà ni Nordstrom ń tà. Síbẹ̀ wọ́n dá owó rẹ̀ padà. Bí wọ́n bá sọ ọ́ báyìí, iṣẹ́ ìyanu ni. Apá tí wọ́n ń gé sọnù ni pé ọwọ́ Northern Commercial Company ni Nordstrom ti gba ṣọ́ọ̀bù náà ní 1975, táyà sì wà lára ohun tí àwọn yẹn ń tà. Ibi tí ọkùnrin náà ti ra ọjà ló padà sí. Tí a bá dá apá yìí padà sínú rẹ̀, ìtàn náà á kéré, ṣùgbọ́n á di ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe lọ́la: ìlérí tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ṣe, ìwọ ló kù tí yóò mú un ṣẹ.

Àwọn ìtàn tó ṣe wá láǹfààní jù kò ní akọni kankan. Ọmọkùnrin kan dìde lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń sọ fún àwọn oníbàárà pé “ohun èlò yín á dé lọ́la,” nígbà tí òun kò mọ ìgbà tí yóò dé. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ohun tí ọ̀gá bá ṣe ní irú ìṣẹ́jú yẹn ni yóò pinnu bóyá ẹnikẹ́ni á tún sọ òótọ́ níbẹ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bi àwọn yòókù pé ta ló ti sọ irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ kan, ọwọ́ méjì, ó di gbogbo yàrá. Ìgbà tí a jókòó tì í la rí i pé ọjọ́ tí ohun èlò kúrò nílé ìkẹ́rùsí ni kọ̀ǹpútà ń fi hàn wọ́n, kò fi ọjọ́ tí yóò dé hàn. Oníbàárà ń béèrè, wọn ò sì fẹ́ dákẹ́, ni wọ́n bá ń méfò. Ká ní ìwà ni a bá wí, a ò bá tún máa bá a wí títí di òní. Ó gba àkókò kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó tún un ṣe, mo sì ní láti máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn bí ẹni tó wá gba gbèsè.

Amy Edmondson, olùwádìí ní Yunifásítì Harvard, ti rí irú èyí ní ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990. Ó rò pé àwọn ẹgbẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa ni àṣìṣe oògùn yóò kéré jù lọ́dọ̀ wọn. Àkọsílẹ̀ fi òdìkejì hàn, àṣe àwọn yẹn ló ń lè sọ ọ́ jáde. Nítorí náà, bí máníjà kan bá sọ fún mi pé ìtàn ayọ̀ nìkan ni òun ń gbọ́ ní ìpàdé òun, ẹ̀rù ló máa ń bà mí fún un.

A tún fi àyè sílẹ̀ fún ìtàn kíkorò. Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1983 nípa àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú, ó ní ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, iṣẹ́ ni, ó sì ń rẹ ènìyàn bí iṣẹ́ ṣe ń rẹni. Ẹni tí wọ́n bú láàárọ̀, tí a wá ní kó sọ ìtàn aládùn, á kàn gbé ìtàn rẹ̀ gidi lọ sídìí oúnjẹ ni. Ó sàn kó sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Òfin méjì péré la fi dè é: kò sí orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì, kò sì sí fífi oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì yìí le. Ẹnì kan sín oníbàárà kan tó ń kólòlò jẹ, yàrá rẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ ọmọbìnrin tuntun kan tó ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ akólòlò mìíràn lẹ́nu. Mo pe ẹni tó sọ ìtàn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó tún un sọ ní ìpàdé, àmọ́ lẹ́nu oníbàárà lọ́tẹ̀ yìí, láti ìgbà tó ti ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò kó tó gbé fóònù. Ó kọ̀ ní ọjọ́ méjì. Nígbà tó wá sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa ju bí mo ti lérò lọ.

Ṣé iṣẹ́ dára sí i? Àwọn tó ń pè lẹ́ẹ̀kejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà dín kù, ìyẹn dá mi lójú. Bóyá ìtàn ló ṣe é, bóyá ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n tún ṣe, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ìtàn ló mú wa débi kọ̀ǹpútà.

Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni n kò tíì rí ọgbọ́n dá sí. Wọn kì í wá sí ọ́fíìsì láàárọ̀, láti ilé wọn ni wọ́n ti ń lọ sílé oníbàárà. A ní kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo ohun tí a sì ń gbọ́ ni “Iṣẹ́ ti parí, sà.” Ìtàn wọn ń bẹ, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní báyìí, a máa ń jẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé fóònù bá wọn jókòó nínú ọkọ̀ fún odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó lọ kẹ́yìn padà wá, ó ní wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títì lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nítorí “àárọ̀” ni a sọ fún àwọn oníbàárà, àárọ̀ kálukú sì yàtọ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò sọ ọ́ ní ìpàdé. Mo ti ní kí ẹni tó ń pín iṣẹ́ wá jókòó níwájú, kí ó mú ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà dání.